Obìnrin Tó Fi Òsì Na Fìlà

"Ààlọ́ ti dé ẹnu àtẹ̀gùn o, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Àwa ni, Ìyá Àgbà. Kó wọlé."

"Obìnrin kan dúró lórí wúrà, kò jókòó láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Kò lè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ará ọjà, ará ogun àti ará oko ló ń gbọ́ ohun tó ń wí. Kí ni o?"

"Àwòrán ẹ̀yìn owó."

Ẹ gbà á. Ààlọ́ mi yí gbiri bí owó wúrà. Ó bọ́ lórí tábìlì onípàṣípààrọ̀, ó yí gba abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó yí kọjá ibi omi ìgboro, ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ Trofímù, bàbá tó bí ìyá mi.

Trofímù kò ga, kò sì lẹ́wà. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ga ju tòsì lọ nítorí ìtẹ̀ba, ojú rẹ̀ a máa pọ́n nítorí eruku irin, àtàǹpàkò rẹ̀ sì le bíi pátákò ewúrẹ́. Ẹrú Késárì ni. Àgbẹ̀dẹ owó tó wà lábẹ́ òkè Kélíò ni wọ́n kó o sí láti kékeré, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fín àwòrán sójú irin òǹtẹ̀. Irin méjì ni wọ́n fi ń lu owó. Ti ìsàlẹ̀ wà nínú ìtì igi, orí Késárì ló wà lójú rẹ̀. Ti òkè ni wọ́n ń fọwọ́ dì mú, àwòrán ẹ̀yìn owó ló wà lójú tirẹ̀. Wọ́n á fi wúrà pẹlẹbẹ sáàárín, olóòlù á lù ú, ó di owó. Ẹlòmíràn ló ń fín orí Késárì, ẹlòmíràn ló sì ń fín lẹ́tà. Ẹ̀yìn owó ni ti bàbá ìyá mi, ọgbọ̀n ọdún gbáko.

Kò mọ̀wé. Èmi náà kò mọ̀wé, kò sì sí onípàṣípààrọ̀ tó lè fi owó rẹ́ mi jẹ nílùú yìí, nítorí ohun tí àwọn obìnrin ẹ̀yìn owó mú lọ́wọ́ ni mo fi ń dá wọn mọ̀, bí Trofímù ṣe kọ́ ìyá mi, tí ìyá mi sì kọ́ mi. Èyí tó mú òṣùwọ̀n ń sọ pé wọn ò ní yan wá jẹ. Èyí tó mú ṣírí ọkà, tí imú ọkọ̀ ojú omi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló ń bọ́ ìlú. Èyí tó ní ìyẹ́ apá, tó na adé ewé síwájú, Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú láìsí ara lẹ́yìn wọn, Ìrẹ́pọ̀ ni. Trofímù a sì máa sọ pé ká má kàn máa wò wọ́n bí òpè. Bí owó tuntun bá jáde tí ẹ rí obìnrin ọkà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yára ra ọkà sílé, torí ẹni tó yó kì í pariwo oúnjẹ. Bí ẹ bá rí ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú, àwọn ọmọ ogun ti ń bá ara wọn jà níbì kan nìyẹn.

Obìnrin kan tún wà. Ó mú fìlà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ òsì. Fìlà yẹn kì í ṣe fìlà oge. Òun ni wọ́n ń dé fún ẹrú lórí fífá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Òmìnira ni orúkọ obìnrin náà. Trofímù ti fín fìlà náà kọjá kíkà, kò sì sí ọ̀kan lórí tirẹ̀, àfi ọjọ́ mélòó kan lọ́dọọdún nígbà àjọ̀dún òrìṣà Satọ́nù, tí ẹrú àti olówó jọ ń dé fìlà, tí olówó ń bu oúnjẹ fún ẹrú. Bí àjọ̀dún bá ti parí, á ká fìlà rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Iṣẹ́ irin òǹtẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ojú tààrà. Ohun tó máa yọ sókè lójú owó, kòtò ni lójú irin. Ohun tó máa wà lọ́tùn-ún lójú owó, òsì ló gbọ́dọ̀ wà lójú irin, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ara rẹ̀ nínú omi. Bí wọ́n bá gbé owó àtijọ́ fún Trofímù pé kó fín irú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí i padà, kò tún ń rò ó mọ́. Nígbà tó pẹ́, ayé wá yí padà lójú rẹ̀. Ampliáta ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí òun bá ti ní kó yà sọ́tùn-ún ní orígun, òun á tètè lọ dúró dè é lósì.

Ẹrú ni Ampliáta náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Késárì. Ti Prókúlù ni, ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe olórí àgbẹ̀dẹ owó. Òun ló ń rànwú nílé Prókúlù, tó sì ń bójú tó aṣọ rẹ̀. Ìyàwó tí mo ń pè é yìí, ẹnu wa la fi ń pè é. Òfin kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí. Wọ́n jọ ń gbé yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi wà pọ̀ láìrí ọmọ bí. Ìgbà tí Ampliáta ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ti sú àwọn obìnrin ibi omi láti máa béèrè, ni oyún dé.

Inú wọn dùn fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìrònú bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, olówó rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ tí onídìrí ilé Prókúlù bí, bí wọ́n ṣe já a lẹ́nu ọmú ni Prókúlù fi í ta àna rẹ̀ lọ́rẹ ní ìlú Kápúà, bí ẹni fi agbọ̀n èso ránṣẹ́. Ampliáta ló di ẹrù ọmọ náà, kò sì gbàgbé bí ẹrù ọ̀hún ṣe kéré tó. Bí wọ́n bá dá ìyá sílẹ̀ kó tó bímọ, ọmọ òmìnira ló bí. Bó bá bímọ lónìí tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́la, ti olówó lọmọ. Bí òfin ṣe rí nìyẹn, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀.

Oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà tí Késárì kú. Òmíràn gorí oyè, ó ní òun mú òmìnira padà bọ̀ fún ìlú. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lu owó wúrà tuntun tí òun máa fi ta àwọn ọmọ ogun lọ́rẹ, kí obìnrin onífìlà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún àgbẹ̀dẹ.

Prókúlù ránṣẹ́ pe Trofímù. Ó ti ya àwòrán náà sórí pákó funfun kan. Prókúlù kò di irin ìfín mú rí láyé rẹ̀. Akọ̀wé ló ń ṣe kí wọ́n tó fi í jẹ olórí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwòrán yíyà, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún un bóyá ó mọ̀ ọ́n yà tàbí kò mọ̀ ọ́n.

"Wò ó dáadáa," ó ní. "Èmi ni mo yà á fúnra mi, kí ẹ má baà fi ọgbọ́n àgbẹ̀dẹ bà á jẹ́. Mo tiẹ̀ ti mú un rọrùn fún ọ."

"Ó dára gan-an, ọ̀gá. Aṣọ rẹ̀ balẹ̀ dáadáa."

"Àbí? Irin náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ Dònátù olóòlù lọ́jọ́ karùn-ún òní."

"Á wà níbẹ̀. Ọ̀gá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Ẹ̀bẹ̀ ẹrú kì í jẹ́ ẹyọ kan. Ó máa ń bímọ."

"Ọmọ náà gan-an ni mo torí ẹ̀ wá."

Prókúlù rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì fún Trofímù láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ fún ara òun o, torí Késárì ló ni òun. Ampliáta ni. Kí Prókúlù dá a sílẹ̀ kó tó bímọ, òun náà á sì fín irin yìí bí òun kò ṣe fín irin kankan rí.

Prókúlù ń fi ìka gbo àgbọ̀n rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ dára lára irun àgùntàn," ó ní. "Ọwọ́ tìrẹ náà sì dára lára irin. Ó dáa. Bí irin yìí bá dé ọwọ́ Dònátù láìní àbùkù, ọjọ́ tí àpò wúrà àkọ́kọ́ bá jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí ni màá mú un lọ síwájú adájọ́. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí mọ́. Òrìṣà ilé mi gbọ́."

Trofímù gbé pákó náà síwájú, ó jókòó ti irin fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó kọ́kọ́ fi iná rọ̀ ọ́ kó lè gba irin ìfín, ó dán ojú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ó fín aṣọ tó ṣẹ́ po, ó fín ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ẹnikẹ́ni kò ní kà láéláé. Fìlà ló fi ṣe ìkẹyìn. Nígbà tó parí, tí ẹni tó ń fín lẹ́tà náà ti ṣe tirẹ̀, ó tẹ irin náà mọ́ ìda oyin bó ti máa ń ṣe, ó gbé ìda náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó Prókúlù. Wọ́n jọra bí ìbejì. Prókúlù wá wò ó, ó mi orí pé ó dára. Trofímù wá ki irin náà bọná, ó tì í bọmi kó lè le, ó sì fà á lé Dònátù olóòlù lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún. Ó mú ìda náà lọ sílé.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tó délé. Ampliáta jókòó lórí àpótí, ẹ̀wà ń hó níwájú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti ga débi pé òkèèrè ló ti ń na apá sí ìkòkò, bí ẹni ń bọ́ ajá tó ń gbéni jẹ. Trofímù fi ìda náà lé e lọ́wọ́.

"Wo obìnrin tó ń mú fìlà bọ̀ wá fún ọ."

Ampliáta gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kí la fi ṣẹ̀ ẹ́?"

"Ta ni?"

"Obìnrin yín yìí. Ó ń fi òsì na fìlà sí wa. Àbí wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Trofímù gba ìda náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ìgbà náà ló yé e. Prókúlù ti yí àwòrán náà padà kó tó gbé e fún un. Ìrọ̀rùn tó ń sọ nìyẹn. Ó rò pé òun ń ran alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́, ó yà á bó ṣe yẹ kó rí lójú irin, kí Trofímù lè fín in bẹ́ẹ̀ láìyí i. Kò sì sọ ọ́. Fìlà tó wà lọ́wọ́ òsì lójú pákó kò jọ Trofímù lójú, nítorí ọgbọ̀n ọdún ló fi ń rí fìlà lọ́wọ́ òsì lójú irin. Ọwọ́ rẹ̀ yí i padà bó ti mọ̀. Ohun tí wọ́n ti yí ló tún yí. Ìda sì bá pákó mu, nítorí pákó gan-an ni kò tọ́.

"Mo ti bà á jẹ́," ó ní.

Ó ṣàlàyé fún Ampliáta. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé Prókúlù ti rí i?"

"Ó rí i lánàá. Ó ní bí òun ṣe yà á gẹ́lẹ́ ló rí."

"Dònátù ńkọ́?"

"Ibi tí òòlù máa bà lòun ń wò, kì í wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ìgbà wo ni àpò àkọ́kọ́ ń jáde?"

"Ọ̀túnla."

Ampliáta fi igi ro ẹ̀wà náà yí po. "Ẹ dákẹ́ nígbà náà," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ dá mi sílẹ̀, ì báà fi òsì na fìlà sí mi, ì báà fi ẹsẹ̀ tì í sí mi, ọwọ́ méjèèjì ni màá fi gbà á. Kí àwọn ọmọ ogun tó rí i, mo ti kúrò níwájú adájọ́."

"Wọ́n máa rí i. Wọn ò mọ̀wé, ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n máa ní òsì ni Késárì tuntun fi ń fún àwọn lómìnira, pé ó ń gbé àwọn ṣépè ni. Wọ́n á wá ẹni tó ṣe é."

"Wọ́n á bi Prókúlù."

"Prókúlù á ní òun ò mọ nǹkan kan. Èmi ni wọ́n máa mú, èmi àti Dònátù tó lù ú. Ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ni wọ́n ń kó irú wa lọ. Dònátù lọ́mọ mẹ́ta."

Ampliáta mọ àwọn ọmọ náà. Òun ló gba ọmọ Dònátù ìkẹyìn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun ló sì kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wà hó títí omi rẹ̀ fi gbẹ.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ó sọ nígbà tó yá. "Ẹ lọ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé òun ló ṣe é o. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn àwòrán rẹ̀ ju ẹyinjú rẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ bíi pé ẹ̀yin lẹ ò lọ́gbọ́n tó."

"Ìyẹn ò ṣòro. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀wà ti jóná nídìí ìkòkò. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Trofímù dé àgbẹ̀dẹ láàárọ̀, Dònátù ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti lu owó mẹ́ta. Òòlù wà lókè fún ẹ̀kẹrin nígbà tí Trofímù na ọwọ́ bo irin.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, ọ̀rẹ́. Òmìnira ni wọ́n ní ká lù, wọn ò ní ká lu ìka márùn-ún."

"Má lù ú mọ́."

"Kí ló dé? Wúrà ni, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Kò ní rọ."

"Wò ó. Ọwọ́ wo ló fi mú fìlà?"

Dònátù gbé owó kan sójú, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.

"Mo ti lu mẹ́ta," ó ní.

"Fún mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni títí màá fi jáde."

Trofímù kó owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò, ó gbé pákó funfun náà há abíyá, ó lọ bá Prókúlù nínú yàrá rẹ̀. Prókúlù ń ki búrẹ́dì bọ òróró ólífì, ìkòkò ẹyin iná wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nítorí òtútù. Trofímù to owó tuntun kan síwájú rẹ̀, ó to owó àtijọ́ kan tì í, irú èyí tí Òmìnira wà lẹ́yìn rẹ̀ láyé Késárì tó ti kú tipẹ́.

"Ọ̀gá, mo wá jẹ́wọ́ àbùkù."

"Àbùkù wo? Mo rí ìda rẹ. Ó bá pákó mi mu."

"Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá. Ẹ ti yà á bí a ṣe ń rí i lójú irin. Kò sí olórí kankan tó ṣe irú ẹ̀ fún wa rí. Orí mi ò pé tó láti mọ̀ pé ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi. Mo tún yí i padà. Ohun tí ẹ tún ṣe ni mo bà jẹ́."

Prókúlù gbé owó tuntun náà, ó gbé ti àtijọ́. Ó wò wọ́n títí òróró fi ń kán láti ara búrẹ́dì sí aṣọ rẹ̀. Akọ̀wé ni, ó mọ bí ìwé ẹ̀sùn ṣe ń rìn. Ó mọ̀ pé ìwé náà kì í dúró lọ́wọ́ ẹrú.

"Mélòó ló ti jáde?"

"Mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi. Dònátù nìkan ló rí i."

"Pákó mi ńkọ́?"

Trofímù gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Òun rèé. Iná yín náà rèé."

Prókúlù wo ojú rẹ̀. Pákó yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí Trofímù ní láyé pé ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Prókúlù gbé e, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lórí orúnkún, ó tì í bọ ìkòkò iná. Àwọn méjèèjì jọ dúró wò ó títí tó fi gbiná.

"Mo sọ pé bí àbùkù bá wà níbẹ̀," Prókúlù bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Òrìṣà ilé mi sì gbọ́."

"Wọ́n gbọ́, ọ̀gá."

Prókúlù nu ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wo inú iná. Bó bá ní irin náà lábùkù, wọ́n á bi í pé ta ló ya àwòrán. Bó bá ní Trofímù ṣàṣìṣe, àṣìṣe kan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, àṣìṣe tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ á máa wá ẹbí rẹ̀ kiri.

"Àbùkù wo?" ó ní. "Kò sí irin kankan tó tíì dé ọwọ́ Dònátù. Ṣé o gbọ́ mi? Kó wúrà mẹ́ta yẹn padà sínú ìkòkò ìyọ́. Kó o sì jókòó fín irin tí mo ní kó o fín. Ọjọ́ mélòó lo fẹ́?"

"Mẹ́rin ni mo máa ń fi ṣe é."

"Mẹ́ta ni mo ní."

"Mẹ́ta náà ni mo fẹ́."

Owó mẹ́ta yẹn ti yọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Trofímù kò lo pákó kankan mọ́, owó àtijọ́ ló gbé síwájú, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ampliáta ń rìn káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ kẹta, Trofímù fi ìka ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ láìfín, ó tẹ irin mọ́ ìda, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó tó wò ó. Ọ̀tún ló mú fìlà. Dònátù àti àwọn tó ń bá a dì í mú lù ú lálùsimi-lálùtúnlù, wọ́n ń pààrọ̀ ọwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, kí àpò àkọ́kọ́ tó jáde, ìrọbí mú Ampliáta. Ìyàwó Dònátù wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ àkọ́bí kì í kánjú," ìyàwó Dònátù ní. "Jókòó."

"Mi ò jókòó. Bí mo bá jókòó, á rò pé mo ti ṣe tán."

Àpò jáde. Prókúlù mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀ tó gùn, ó wá pe Ampliáta, ó bá a níbi tó ti gbá ògiri mú.

"Ṣé o ti ń rọbí ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Adájọ́ kò sí nílé ẹjọ́, wọ́n ní ó ti lọ wẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ, ìyàwó Dònátù ń tẹ̀ lé wọn, ó ń ṣe bíi pé òun kò bá wọn lọ. Wọ́n pàdé adájọ́ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnura ti wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin kò ní kó jókòó kó tó dá ẹrú sílẹ̀, wọ́n ń ṣe é lójú pópó. Adájọ́ wo Ampliáta lókè-nísàlẹ̀.

"Obìnrin yìí ń làágùn."

"Ayọ̀ ni, olúwa mi," ni Ampliáta wí.

Ọmọ ọ̀dọ̀ adájọ́ fi ọ̀pá kàn án lórí. Prókúlù di ọwọ́ Ampliáta mú, ó sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sílẹ̀; ó bọ́ lóko ẹrú nìyẹn. Ìyá ìyá mi ní àsìkò tí ó ń yí òun po gan-an ni ìrora tó le jù nínú gbogbo wọn mú òun, òun gé eyín mọ́ ètè, òun sì wo ọwọ́ tó fi di òun mú. Ọ̀tún ni. Adájọ́ wọlé lọ wẹ̀.

Ampliáta kò délé. Ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ló bímọ sí, lórí àpò ìyẹ̀fun. Nígbà tí Trofímù fi máa sáré dé, ọmọ ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀, oníbúrẹ́dì ń ráhùn pé ta ni yóò ra ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́ òun.

"Wúrà ti jáde?" Ampliáta bi í.

"Ó ti jáde. Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi kọ́kọ́ jáde, kí ọmọ yìí tó jáde."

Ọmọ yẹn ni Fitália, ìyá mi. Òsì ló ń lò títí tó fi kú, Trofímù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án nítorí rẹ̀. Trofímù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrú fún ọdún méjìdínlógún sí i. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé fìlà fún un, orí rẹ̀ ti pá, kò sí irun tí wọ́n fẹ́ fá. Láti ọjọ́ ìda yẹn sì ni kò ti wo àwòrán kankan láì kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn ará àgbẹ̀dẹ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bàbá ń gbàdúrà. Ampliáta tọ́jú ìda ọlọ́wọ́ òsì yẹn. Ìyá mi fi hàn mí nígbà tí mo kéré. Ó gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé lọ́dún kan tí oòrùn mú, ó yọ́ dànù.

"Ìyá Àgbà, owó tuntun tó jáde lóṣù yìí, obìnrin wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Obìnrin ọkà ni. Nítorí náà, ẹ dìde lórí àtẹ̀gùn, kí kálukú lọ sùn. Ìdájí la máa jí lọ́la, ká lọ ra ọkà kó tó wọ́n.